Ọwọ́ Ọ̀tún Lórí Bébà

Màámi Mẹ́kà ni gbogbo ìdílé wa ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ọmọ ìyá kan náà. Èmi ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ wá ṣe Hájì. Ọkọ náà kú sí Mẹ́kà, òun kò sì padà sílé mọ́. Ó ti fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ọmọ tí kò tíì tó ẹni tí ń gbé garawa omi. Ọmọ yẹn ti di ìyá àgbà báyìí, ó ti ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì rọ̀ sí ìyá rẹ̀. Nígbà tí àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Màámi lára, ohun kan ṣoṣo ni ó ń bẹ Ọlọ́run fún: kí nǹkan kan tí ó ti ara òun wá dé ọwọ́ ọmọ yìí kí òun tó kú. Bí nǹkan náà ṣe wá jẹ́ àwòrán ọwọ́ rẹ̀, tí obìnrin Faransé kan fi bàbà àti ásíìdì ṣe ní Jẹ́dà, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí a kò ya fọ́tò rẹ̀ kí a fi ránṣẹ́ lórí fóònù. A gbìyànjú rẹ̀. Ààfáà tí ó kọ́ Màámi ní kéwú nígbà èwe rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe jẹ́ kí a ya àwòrán ojú rẹ̀, àfi èyí tí ìwé ìrìnnà bá sọ di dandan. Ó di ọ̀rọ̀ náà mú títí orí rẹ̀ fi funfun. Ó bí ọmọbìnrin mìíràn sí Mẹ́kà fún ọkọ kejì, ọkọ náà sì ti kú pẹ̀lú. Àbúrò mi nìyẹn, òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tí Màámi fi sílẹ̀, ń sọ̀rọ̀ láti Ìsẹ́yìn, àbúrò mi dọ́gbọ́n tan kámẹ́rà fóònù. Màámi gba fóònù náà, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ẹní, ó sì ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ láti òkè. Èmi náà ya ọwọ́ rẹ̀ nìkan lẹ́ẹ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n pa á rẹ́. Ó ní, "Ohun tí àtàǹpàkò lè pa rẹ́ kò tó ohun tí à ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ."

Ní tèmi, ilé-kéwú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Lẹ́yìn tí mo ka Kùránì tán, bàbá mi mú mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ní Ìlọrin. Láti ibẹ̀ ni mo ti kọjá sí Pọ̀tọ̀nóvò, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá bàbá mi, tí mo sì kọ́ èdè Faransé. Mi ò mọ ohun tí n ó fi èdè méjèèjì ṣe nígbà náà. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ mi, tí ó jẹ́ ẹnjiníà, gbé wa wá sí Jẹ́dà, tí a gba ilé ní Ṣarafíyà, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní àdúgbò àtijọ́ ń wá obìnrin tí ó gbọ́ Lárúbáwá àti Faransé. Wọ́n ti pe àgbà obìnrin kan láti ilẹ̀ Faransé kí ó wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìlú ní iṣẹ́ títẹ àwòrán aláwọ̀. Mo di ògbufọ̀ rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí ó ti ń múra mi sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà láti ìgbà tí mo ti ń fi wàláà kọ́ alífábẹ́ẹ̀tì Kùránì.

Obìnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, íńkì ti wọ ìka rẹ̀ títí dé oríkèé, kò sì bìkítà. Ọwọ́ òsì ló ń lò fún ohun gbogbo. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti sọ, ó sì nira láti ṣe. Ó máa ń mú páànù bàbà pẹlẹbẹ kan, yóò fi ìda dúdú bo ojú rẹ̀, yóò sì fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sínú ìda náà títí bàbà yóò fi hàn. Bí ó bá tẹ páànù náà sínú ásíìdì, ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá nìkan ni ásíìdì yóò jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò nu ìda kúrò, yóò fi íńkì ra ojú bàbà, yóò tún nu ún títí yóò fi ku kìkì èyí tí ó wọ inú ihò. Yóò wá tẹ́ bébà tí a ti rẹ sínú omi lé e lórí, yóò sì yí i gba abẹ́ ẹ̀rọ tí ó wúwo, kí bébà lè fa íńkì jáde. Fún ibi tí ó bá fẹ́ kí ó ṣókùnkùn bí òjìji, ó máa ń wọ́n oje igi gbígbẹ tí a ti lọ̀ kúnná sí ojú bàbà, yóò sì fi iná yọ́ ọ díẹ̀ kí ó lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ásíìdì lè jẹ àárín àwọn èérún náà.

Èyí tí ó ní àwọ̀ ló wá le jù. Páànù mẹ́ta ni fún àwòrán kan: ọ̀kan fún àwọ̀ ìyeyè, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún aró. Bébà kan náà ni yóò kọjá lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ bí fọ́nrán irun báyìí, àwòrán náà yóò di méjì lójú ẹni. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé dúdú ńkọ́.

"Mi ò ra dúdú rí," ni ó dáhùn. "Bí o bá gbé mẹ́ta yìí lé ara wọn dáadáa, dúdú á wá fúnra rẹ̀. Á sì dára ju èyí tí wọ́n rọ sínú agolo lọ."

Ní àárín ọdún náà, funfun kan bo ẹyinjú Màámi kan, ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà sì gbà láti bá a yọ ọ́. Ó wá sùn lọ́dọ̀ mi ní Ṣarafíyà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò lè fi òun nìkan sílẹ̀ nínú ilé pẹ̀lú ojú tí wọ́n dì, nítorí náà ni mo ṣe ń mú un dání lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n fún un ní àga onírọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé onígi. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kejì, obìnrin Faransé náà po tíì, ó sì gbé ife kan wá fún un. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e. Màámi wo ife náà, ó wo obìnrin náà, kò na ọwọ́. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

"Ṣé kò fẹ́ràn tíì ni?" ni obìnrin náà bi mí ní Faransé.

Kí n tó dáhùn, Màámi ti bi mí ní Yorùbá. "Kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀? Ṣé ó rọ ni?"

"Rárá, Màámi. Òsì ló ń lò láti kékeré. Òun ló fi ń ṣiṣẹ́."

"Kí ó máa fi ṣiṣẹ́. Ta ló ní kí ó má fi ṣiṣẹ́? Tíì kì í ṣe iṣẹ́."

Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, obìnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti gbé ife náà kalẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, tíì ń dà sínú àwo. Màámi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Faransé," ni ó wí. "Ẹ ó máa mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà kò ti lè mú ojú kúrò lára ọwọ́ Màámi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni Màámi fi ṣe làálì fún àwọn obìnrin ní Utaibíyà ní Mẹ́kà, kí ó tó kó lọ sí àdúgbò Kakíyà. Làálì ti wọ èékánná àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi tí kò lè ṣí mọ́. Obìnrin náà ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́ kí òun ya ọwọ́ náà, ọwọ́ nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́ Màámi pe ààfáà àwọn ará wa ní Kakíyà lórí fóònù. Ààfáà ní ọwọ́ tí kò ní orí kò ní ẹ̀mí, àti pé kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Nígbà tí mo jókòó tì í láti ká aṣọ, Màámi bi mí.

"Bí ó bá yà á tán, ṣé bébà ni?"

"Bébà ni, Màámi. Bébà tó nípọn."

"Ṣé ó ṣe é gbé lé ènìyàn lọ́wọ́?"

"Ó ṣe é gbé."

"Ṣé èékánná mi á hàn?"

"Á hàn. Àwọ̀ ni yóò fi ṣe é."

Ó ronú sí i. "Kí ó yà á. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìsẹ́yìn ni."

Òun fúnra rẹ̀ ló yan bí òun yóò ṣe jókòó: ọwọ́ òsì lórí itan, ọwọ́ ọ̀tún síwájú pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lórí àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni tí ó ń na nǹkan sí ọmọ. Obìnrin náà kò kọ́kọ́ yà á sórí bébà. Ó ní ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ Jẹ́dà kì í dúró de ènìyàn. Ohun tí ó ń rí ló ń fi abẹ́rẹ́ yà tààrà sínú ìda. Èmi jókòó láàárín wọn, mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò pọ̀. Inú mi dùn pé Màámi rí ọ̀nà kan.

Ojú rẹ̀ là, ó padà sí Mẹ́kà. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi kọ̀. Inú rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, àwọn dókítà sì sọ fún àbúrò mi pé ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Bí mo bá pè é, kì í sọ ti àìsàn. Ohun tí ó máa ń bi mí ni pé, "Ìyá Faransé ńkọ́? Ṣé ó ti tẹ̀ ẹ́?"

Ọjọ́bọ̀ kan ni a kọ́kọ́ gbé bébà kan kọjá lórí páànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí ìyeyè nìkan wà lórí rẹ̀, ó dà bí ohun tí a ta epo sí. Nígbà tí pupa bọ́ lé e, ọwọ́ yọ, èékánná sì yọ. Nígbà tí aró kẹ́yìn wọn, awọ ara Màámi dé, gẹ́gẹ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n, dúdú tí ó ní pupa lábẹ́, tí iṣan sì gba ẹ̀yìn ọwọ́ tí ó wà lórí itan kọjá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sún mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mā ṣāʾ Allāh."

Ìgbà náà ni mo rí i. Ọwọ́ tí ó nà síwájú pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, òsì ni.

Bí a bá tẹ bébà lé ohun kan, ohun tí ó wà lápá ọ̀tún yóò bọ́ sápá òsì. Ẹni tí ó bá ti lo òǹtẹ̀ rí mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n èso, igi àti òrùlé ilé ni ó ti ń yà láti ìgbà èwe rẹ̀, èso kì í sì í bínú bí a bá yí i padà.

"O dákẹ́ jù," ni ó wí fún mi nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ. "Kí ló dé?"

"Ọwọ́ òsì ló nà síwájú, Màdáàmù."

Ó wò ó. "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti yí padà. Gbogbo wọn ló máa ń yí padà."

"Ọmọ rẹ̀ ló ń nà án sí. Ọmọ tí ó ti ń bínú sí i láti kékeré. Lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá fi òsì na nǹkan sí ọ, ó ń sọ fún ọ pé o kò já mọ́ nǹkan kan lójú òun."

Ó jókòó sórí àpótí. "Tíì ọjọ́ náà," ni ó wí. Ó wá ní bóyá bí ìyá náà bá rí i bí ó ti dára tó, kò ní wo ti ọwọ́. Ó ní kí n gbé e lọ fún un. Ó tún bi mí pé ṣé òun kò lè tẹ̀ lé mi, kí òun ṣàlàyé fún un fúnra òun.

"Ẹ kò lè wọ Mẹ́kà, Màdáàmù. Mùsùlùmí nìkan ló ń wọ̀ ọ́."

"Òótọ́ ni," ni ó wí. "Mo gbàgbé."

Mo lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, mo sì kírun ní mọ́ṣáláṣí Harám kí n tó lọ sí Kakíyà. Àbúrò mi ló ṣílẹ̀kùn. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ló fi máa ń dáhùn. Màámi wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti rù débi pé mo ní láti wo ibòmíràn kí n tó kí i. Ó ní kí àbúrò mi tan iná sí i.

"Hādir, yumma," ni àbúrò mi wí, ìyẹn ni pé ó ti gbọ́, ó sì tàn án.

Mo tẹ́ bébà náà sórí ìrọ̀rí níwájú rẹ̀. Ó fi ojú tí wọ́n là fún un ní Jẹ́dà wò ó dáadáa.

"Èékánná mi nìyí," ni ó wí. "Tẹ̀sùbáà mi nìyí. Ó tilẹ̀ ya èyí tí ó sán, tí mo so ní okùn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bébà náà, ó gbé e kúrò, ó sì gbé òsì síbẹ̀. "Ọwọ́ wo nìyí?"

"Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló yí i padà, Màámi. Ọ̀tún yín ni ó yà."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó ń yà á. Èyí tí ó bá dé ọwọ́ rẹ̀ ni yóò rí."

"A ó ṣàlàyé fún un."

"Àlàyé ni mo ti ń fi ránṣẹ́ sí i láti gbogbo ọdún yìí wá. Kò gbà á rí."

Àbúrò mi dá sí i ní Lárúbáwá, ó ní àwòrán náà lẹ́wà, kò sí ẹni tí yóò wo ti ọwọ́. Màámi yíjú sí i.

"Ìwọ tí mo ń fi ọ̀tún bọ́ lóúnjẹ láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, kò lè ká ọ lára. Ti òun yàtọ̀." Ó ti bébà náà sọ́dọ̀ mi. "Dá a padà fún Ìyá Faransé. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Bí Ọlọ́run kò bá fẹ́ kí n rí nǹkan fi ránṣẹ́, mo gbà fún Un."

Ó yíjú sí ògiri. Àbúrò mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni ó ti bá mi sọ Yorùbá, èyí tí kì í sábà ṣe.

"Àlàájà kan láti Ìsẹ́yìn wá ṣe úmúrà. Òun ni Màámi ti bẹ̀ kí ó bá a gbé e lọ. Ọjọ́ Ajé ló ń padà. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rò pé àlejò mìíràn máa bá Màámi láyé."

Ilé iṣẹ́ wa kì í ṣí ní ọjọ́ Àbámẹ́tà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ obìnrin Faransé náà. Mo bá a níbẹ̀ láàárọ̀, mo sì sọ ohun gbogbo fún un. Ó ní bí òun bá máa tún un yà kí ó lè jáde bí ó ti yẹ, òun yóò bẹ̀rẹ̀ páànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò lé ní oṣù kan.

"Kò ní oṣù kan, Màdáàmù. Títí ọ̀la ni a ní."

Ó rìn lọ síbi ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ lé e. "Ohun kan wà," ni ó wí. "Kì í ṣe ohun tí à ń gbé jáde fún ènìyàn. Àwa tí ń tẹ àwòrán la máa ń lò ó láti fi yẹ iṣẹ́ wa wò. Bí àwòrán tí a tẹ̀ bá ṣì tutù, a ó dojú bébà mìíràn kọ ọ́, a ó sì yí àwọn méjèèjì gba abẹ́ ẹ̀rọ. Ohun tí ó ti yí padà yóò tún yí padà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú íńkì ni bébà kejì ń rí gbà. Yóò ṣá."

"Yóò ṣá tó báwo?"

"Bí aṣọ tí a ti fọ̀ fún ọdún púpọ̀."

Mo ní kí a ṣe é.

Ó pa ẹ̀rọ tí ń tu yàrá lára nítorí pé ó máa ń mú íńkì gbẹ, ooru sì kún inú yàrá náà títí aṣọ wa fi lẹ̀ mọ́ wa lára. Ìyeyè, pupa àti aró ní láti bọ́ sórí bébà kan kí èyíkéyìí nínú wọn tó gbẹ. Òun ń fi íńkì ra páànù, èmi ń nù ún gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i tí ó ń ṣe é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lórí bébà kìíní, ìyeyè ti gbẹ kí a tó dé orí aró, ọwọ́ tí ó jáde sì dà bí ọwọ́ òkú. Lórí èkejì, bébà yẹ̀ nígbà tí a dojú wọn kọ ara wọn, ìka di mẹ́wàá sí ọwọ́ kan. Ó dá mi dúró, ó ní kí a mu omi. A mu omi. Mo ṣe àlùwàlá, mo kírun ọ̀sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páànù náà, òun sì jókòó jẹ́ẹ́ títí mo fi parí.

Ní ìgbà kẹta, obìnrin náà ní kí èmi yí àgbá ẹ̀rọ náà. Mo pe Bísímílláì, mo yí i. Nígbà tí ó ya bébà méjèèjì sọ́tọ̀, a tẹ orí ba láti wò ó.

Ó ti ṣá lóòótọ́. Ó dà bí ọwọ́ tí ènìyàn ń wò lábẹ́ omi. Pupa èékánná ti di bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, aró iṣan fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀tún ni. Ọ̀tún Màámi, ó nà síwájú, tẹ̀sùbáà wà lórí àtẹ́lẹwọ́.

Obìnrin náà mú pẹ́ńsù láti kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ó dúró. "Èyí tí mo lè kọ orúkọ mi sí," ni ó wí, "òun ni ìyá kọ̀." Ó fi pẹ́ńsù náà sílẹ̀, ó sì gbé bébà náà sáàárín pátákó méjì kí ó lè gbẹ.

Lẹ́yìn ìrun àsárì ní ọjọ́ Àìkú ni mo dé Kakíyà. Àlàájà ará Ìsẹ́yìn náà ti wà níbẹ̀, ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àpò rẹ̀. Màámi kò lè gbé orí sókè fúnra rẹ̀ mọ́. Mo gbé bébà náà sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò tó o.

Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Ó ti ṣá," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ìyá Faransé ní bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn bí wọ́n bá yí i padà."

"Mo rí i. Ọ̀tún ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ gbé mi jókòó."

Àbúrò mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi àyà ti ẹ̀yìn rẹ̀. Màámi ní kí n gbé bébà náà lé òun lọ́wọ́. Ó fi ọ̀tún mú un, bébà náà sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àbúrò mi fẹ́ bá a di ọrùn ọwọ́ mú.

"Fi sílẹ̀," ni Màámi wí.

Àlàájà náà ti kúnlẹ̀ níwájú ibùsùn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Màámi na bébà náà sí i títí ó fi kan ọwọ́ rẹ̀.

"Báyìí ni kí ẹ ṣe nà án sí i. Kí ẹ má kàn gbé e kalẹ̀ fún un."

"Mo gbọ́, Màámi. Báyìí náà ni n ó ṣe é."

"Kí ẹ ní kí ó jókòó kí ẹ tó nà án."

"Ó máa jókòó, Màámi."

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun sùbúhì, Ọlọ́run gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n gba èmi àti àbúrò mi láyè láti wà pẹ̀lú àwọn obìnrin tí ó ń wẹ òkú. Ọ̀tún ni a ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti kọ́ wa. Àbúrò mi ń da omi, èmi ń fọ ọwọ́ náà, láàárín ìka, lábẹ́ èékánná. Wọ́n kírun sí i lára ní Harám lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, níbi tí ó ti ń fẹ́ láti ọdún púpọ̀ pé kí wọ́n kírun sí òun lára, àwọn ọkùnrin sì gbé e lọ. Mo dúpẹ́ fún un. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsẹ́yìn láti sọ fún un. Ó ní, "Innā lillāhi," ó sì pa fóònù.

Ní alẹ́ Jímọ̀ òun fúnra rẹ̀ pè mí. Kò pè mí rí.

"Bébà náà ti dé," ni ó wí.

"Alihamudulilahi."

"Ìyá tó gbé e wá kò jẹ́ kí n gbà á lórí ìdúró. Mo ní kí ó gbé e sórí tábìlì, ó ní rárá, kí n jókòó. Ó kúnlẹ̀ ti apá ọ̀tún mi, ó fi ọ̀tún nà án sí mi. Ó ní bí wọ́n ṣe rán òun nìyẹn."

Mo gbọ́ bí bébà náà ṣe ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọ̀ rẹ̀ kò hàn dáadáa," ni ó wí. "Mo ti gbé e síta sínú oòrùn, mo ti gbé e sábẹ́ iná. Nígbà tí ó ń lọ, kò sí làálì ní ọwọ́ rẹ̀. Èlùbọ́ ló máa ń kù tà, funfun ni mo mọ ọwọ́ rẹ̀ sí. Ìwọ rí i. Báwo ló ṣe rí?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́."

"Sọ ọ́ fún mi."

Mo jókòó sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀yìn ọwọ́ náà dúdú, ṣùgbọ́n pupa wà lábẹ́ dúdú náà bí a bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Mo ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, làálì sì dúró sínú gbogbo ìlà rẹ̀. Mo ní èékánná rẹ̀ pupa gan-an, ju èyí tí ó wà lórí bébà lọ, pé omi tí a fi wẹ̀ ẹ́ kò mú un kúrò. Mo ní iṣan mẹ́ta ló gba ẹ̀yìn ọwọ́ kọjá, wọ́n ní àwọ̀ aró, èyí tó wà láàárín sì pín sí méjì kí ó tó dé ìka. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń ní kí n dúró, kí òun wo bébà náà, lẹ́yìn náà ni mo máa ń bá a lọ. Nígbà tí mo dé orí àtàǹpàkò, pé ó tẹ̀ sóde díẹ̀ ní oríkèé, ó dá mi dúró.

"Mo rí ìyẹn," ni ó wí. "Ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn náà. Máa sọ ọ́ lọ."